Jẹ́ẹ̀tì Takisí Kò Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Wharf Road

Àwọn kan wà l'Ékòó tó jẹ́ pé, tí ọ̀nà bá ti dí báyìí, òfurufú ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n ní jẹ́ẹ̀tì kékeré ló máa yanjú ẹ̀, èyí tí awakọ̀ kan ṣoṣo lè dá wà, tí ò gbà ju èèyàn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà lọ: Citation Mustang, Phenom 100, Eclipse 500. Ẹ kàn máa pè é bí ẹ ṣe ń pe Bolt.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Wharf Road, ní Àpápá. Níbo ló fẹ́ bà sí? Jẹ́ẹ̀tì kì í bà sórí òrùlé. Ọ̀dà gígùn tó tẹ́jú ló ń fẹ́. Wharf Road fúnra ẹ̀ gùn tó kìlómítà méjì, ì bá tó o, bí kì í bá ṣe ti tírélà. Torí náà, Ìkẹjà lẹ máa lọ wọ̀ ọ́. Ẹ máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá kọjá dé Ìkẹjà, kẹ́ ẹ tó wọ ohun tó fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá. Ṣé ẹ rí i?

Wọ́n ti dán an wò níbi tí ọ̀nà ti dáa pàápàá. Ní Florida, iléeṣẹ́ DayJet bẹ̀rẹ̀ sí í fi Eclipse 500 ṣe takisí ní October 2007. Nígbà tó fi máa di September 2008, ó ti kógbá sílé. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe bàálù náà wọko gbèsè.

Tiwa ńkọ́? Kábúkábú òfurufú la ní. Ní April 2024, àjọ NCAA gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó ní bàálù àdáni, torí wọ́n ń fi í gbérò gbowó. Bàálù tó gbé Mínísítà Adébáyọ̀ Adélabú, tó já sínú igbó lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ní November 3, 2023, ìwé àṣẹ tí kì í ṣe ti òwò ló ní. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Mi ò sọ pé bàálù kékeré ò wúlò o. Ẹ wo Flying Doctors tí Ọlá Orékúnrin dá sílẹ̀, tó ń fi bàálù gbé aláìsàn. Ẹni tó ń kú lọ nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìpàdé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bàálù ni wọ́n fi sọ alùpùpù lórúkọ? Okada Air, iléeṣẹ́ Olóyè Igbinedion, ni ọ̀kadà ti jẹ́ ọ̀kadà, torí ó máa ń fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Takisí òfurufú tálákà gan-an nìyẹn. February 1, 2020 nìjọba ní kò gbọ́dọ̀ rìn l'Ápápá mọ́. Wọ́n gba ti ọmọ Ajégúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wá ń wá ti olówó.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ní 2017, ta ló tún Wharf Road ṣe? Dangote, Flour Mills àti àjọ èbúté NPA ni, owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Kí ló dé tí wọ́n ṣe é? Torí ìyẹ̀fun àti sìmẹ́ńtì ò lè wọ jẹ́ẹ̀tì. Ọjà wọn gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá pátápátá bá lè fò kọjá lórí ọ̀nà, ta ló kù tó máa bá wa pariwo pé ọ̀nà bàjẹ́?

Ohun tó yẹ ká máa béèrè ò ṣòro. Ètò ìpe tírélà tí NPA bẹ̀rẹ̀ ní February 2021, kí wọ́n mú un le, láìsí rìbá lójú ọ̀nà. Ojú irin ti wọ èbúté Àpápá. Kí kọńtéénà gbà á jáde. Blue Line sì ń ti Marina lọ sí Mile 2 láti September 2023, ẹ̀gbẹ́ wa ló ń gbà kọjá. Kí ló dé tí ò lè yà?