Epo àdàlù: ìjọba ni kó gba ọlọ́kadà sílẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA kéde pé epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ ti wọ Nàìjíríà.

Irú ọtí ni methanol, bíi ethanol. Díẹ̀ nínú epo kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà àti kabúrétọ̀. Bí ọ̀kadà ẹni tó ń ná Adigbe sí Pánṣẹ́kẹ́ bá kú sọ́nà, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló dúró yẹn.

Oògùn epo inú ìgò kò lè yọ ọtí kúrò nínú epo. Kí wọ́n fa epo náà jáde nínú táńkì ló dára jù.

Ẹni tó bá fura lè bu omi díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó sàmì síbi tó dé, kó bu epo lé e, kó mì í, kó sì gbé e jìnnà sí iná. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ga kọjá àmì náà, ọtí ti wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́kadà kọ́ nìyẹn. Ìjọba ni kó máa yẹ epo wò kó tó kúrò ní èbúté àti iléeṣẹ́ ìfọpo, kí ẹni tó bá ta àdàlù sì san owó ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.