Ẹ Yéé Fi Orúkọ Ikpeba Bú Ọmọ

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọ̀rọ̀ mi yìí láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Festac Town níbí ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú kúlọ́ọ̀sì wa, ọ̀kan gbá pẹ́náritì, kò wọlé. Ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pariwo lé e lórí, "Ikpeba! Ikpeba!" Ọmọ náà kò ju ọdún mọ́kànlá lọ. Wọn kò tíì bí i nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, wọn kò tíì bí àwọn tó ń bú u náà. Àwa àgbà la kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ọdún 2000, àwa àti Ghana la jọ gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Senegal ti jẹ góòlù kan sílé wa ní Sùúrùlérè, ó sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí eré parí. A ti gbà pé ó ti tán. Ọmọdé kan, Julius Aghahowa, ló dá a padà, òun náà ló tún jẹ èkejì nínú àfikún àkókò. Lẹ́yìn ìyẹn, Tijani Babangida jẹ méjì, a na South Africa.

Ní 13 oṣù Kejì, ó di àṣekágbá, àwa àti Cameroon. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi méjì ti dúró sí Mile 2 láti àárọ̀ kí a tó rí ọkọ̀. Eto'o jẹ ọ̀kan, Mboma jẹ èkejì, pápá dákẹ́ bí ilé olókùú. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí wọ́n ti dé báyìí, Okocha gbá tirẹ̀ wọlé láti òkèèrè. 2–2! Ẹni tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi, fìlà mi bọ́, n kò rí i mọ́ títí dòní.

Nígbà tó di pẹ́náritì, aṣọ́lé wọn kò jẹ́ kí ti Kanu wọlé. Ti Ikpeba ba igi òkè, ó bọ́ sẹ́yìn ìlà, ó tún ta jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Rigobert Song ló gbá èyí tó parí rẹ̀, 4–3, ife di ti Cameroon.

Níbi tí mo jókòó sí, n kò rí i dáadáa. Nígbà tí mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n ni ara mi tó gbóná. Ogójì ọdún ni mo fi wo ìlà lórí pákó, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù yẹn kò kọjá. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ tíṣà ní góòlù méjì àkọ́kọ́ ló pa wá. Mo gbà fún un. Ṣé Ikpeba ló wá jẹ ẹ́ sílé wa ni?

Ní ọdún 2010, Lampard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá irú rẹ̀ sílé Jámánì: igi òkè, ẹ̀yìn ìlà, rẹfirí ní kò wọlé. Wọ́n nà wọ́n 4–1. N kò gbọ́ pé wọ́n sọ orúkọ ọmọ wọn di èébú. FIFA ni wọ́n pariwo lé lórí, nígbà tó sì di Ife Àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, ẹ̀rọ tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà ti dé. Tiwa ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú tiwọn. Ọmọ wa ni àwa pariwo lé lórí.

Ikpeba yìí kan náà ni Áfíríkà yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní ọdún 1997. Nígbà tí Brazil fi 3–1 ṣíwájú wa ní ìdíje Olympics Atlanta ní ọdún 1996, òun ló jẹ góòlù kejì kí Kanu tó wá jẹ méjì yòókù, tí a fi kọjá lọ gba góòlù Olympics. Mo bẹ ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò, bí ẹ bá ti dárúkọ pẹ́náritì Sùúrùlérè, ẹ dárúkọ ti Atlanta mọ́ ọn kí ẹ tó fi orin sí i.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà, Festac Town, Èkó.