Ẹ Má Tíì San Owó Ilé Náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtisan owó ilé ní ìlú Benin, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé lọ́yà ti ka ìwé ilé náà fún yín, kí sàfíyọ̀ sì ti wọn ilẹ̀. Alágbàtà lè ti máa fi oníbàárà mìíràn halẹ̀ mọ́ yín, pé bó bá fi máa di ọ̀la, ilé ti lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló yẹ ilé náà fúnra rẹ̀ wò? Ta ló wo òpó rẹ̀, dẹ́kìn rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ rẹ̀, tó kọ ohun tó rí sílẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́nì kankan. Tàbí kí wọ́n ní bíríkìlà kan tó jẹ́ àna ìyá ìyàwó ti fọwọ́ gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní ó le.

Ìbẹ̀rù ìwé ló gba gbogbo ọkàn wa, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ojú ti rí lórí ilẹ̀ Benin. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí gbogbo ayé mọ̀ sí CDA fi owó tipátipá pọ́n àwọn tó ń kọ́lé lójú títí ìjọba Edo fi ṣe òfin ààbò dúkìá aládàáni ní 2017. Lọ́dún 2022, katakata ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé lulẹ̀ lápá Irhirhi àti Obazagbon, torí ìjọba ní ilẹ̀ òun ni. Nítorí náà, ẹ lọ ṣèwádìí ní Edo GIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ò gbé dẹ́kìn dúró. Ilé tí ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní lè wó pa ẹni tó ni ìwé náà.

Omi ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ni ọ̀tá ilé jù lọ ní Benin. Ilẹ̀ pupa tó gba gbogbo ìlú yìí, iyanrìn àti amọ̀ ló lú mọ́ra nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le débi pé ọkọ́ ń ta lórí rẹ̀. Bí omi bá wá rí ojú ọ̀nà kan gbà, á máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilé, ẹni tó sùn sínú yàrá kò ní mọ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Benin lọ́dún máa ń ju mílímítà 2,000 lọ. Omi orí páànù àti omi ojú títì tí kò ní gọ́tà, ibi tó rẹlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ. Ẹ bi àwọn ará Queen Ede, níbi tí ọ̀gbun ti gbé ilé mì kí NEWMAP, iṣẹ́ ìdènà ọ̀gbun tí Báńkì Àgbáyé fowó sí, tó débẹ̀. Gapiona tó wà nínú GRA, ládùúgbò àwọn olówó, ní ọ̀gbun tirẹ̀ náà.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀gbun bá yọjú sí géètì. Ẹsẹ̀ ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣí lọ tí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ yọ síta, tàbí tí ẹni tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ tuntun síbẹ̀, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ bò. Ẹ wo igun fèrèsé: bí ògiri bá là láti ibẹ̀, tí ìlà náà dagun lọ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, apá kan ilé náà lè ti máa rì. Ilẹ̀kùn tó ń há, táìlì tó ń dún kókó bí ẹni pé inú rẹ̀ ṣófo, àmì ọ̀rinrin tó gun ògiri dé orúnkún, ẹ má gbójú fo ìkankan nínú wọn. Èyí tó tún yẹ kó já yín láyà ni ọ̀dà tuntun. Ìlà tó wà lára ògiri lánàá, gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan ti tó láti pa á rẹ́ lójú yín lónìí.

Oṣù Kejìlá gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ òkè òkun máa ń wálé ra ilé, oṣù tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí gbogbo ilé sì dùn ún wò. Àárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ilé ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lè ṣe sùúrù, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ rán ẹni tí kò ní rí kọ́bọ̀ kan nínú ọjà náà.

Iya ńkọ́, yàrà ńlá tí àwọn àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú Benin ká? Àwọn kan ti fi pàǹtírí àti yẹ̀pẹ̀ dí apá kan rẹ̀, wọ́n sì kọ́lé lé e. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí dí lè máa rọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ìlú sì tún ń wá ọ̀nà padà sínú yàrà náà. Yàtọ̀ sí èyí, ohun àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò ni Iya, ìjọba sì lè wó ilé tó bá wà níbẹ̀. Bí ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá súnmọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà gbẹ́ ilẹ̀ wò kó tó sọ ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá kì í sábà fura sí. Láàárín ìlú, lágbègbè Ring Road nínú Oredo, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló jẹ́ amọ̀ pupa tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Tí wọ́n bá ti kùn ún tán, búlọ́ọ̀kù ni ẹ máa pè é. N kò bú ilé amọ̀ o. Ilé Olóyè Ogiamien, tó jẹ́ ilé amọ̀, yè é nígbà tí iná jó ìlú náà ní 1897, ó sì wà títí dòní. Ògiri amọ̀ tí kò tutù lè pẹ́ ju ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù ayé ìsinsìnyí lọ. Ibi tí ewu wà ni pé sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ máa ń sé omi mọ́ inú amọ̀, ògiri á máa kú láti inú, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ẹni tó bá wá gbé dẹ́kìn lé irú ògiri bẹ́ẹ̀ torí ó rò pé búlọ́ọ̀kù ni, ikú ló ń pè.

Ní Ekosodin, Isihor àti àyíká Ugbowo, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin ti ń du yàrá, àfikún àjà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé pẹlẹbẹ kò lè ru ilé alájà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ béèrè àwòrán ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ wá dúró níta kẹ́ ẹ ka àjà. Bí àwòrán bá sọ méjì tí ojú yín rí mẹ́ta, ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Èkó nìkan ni ilé ti ń wó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára Èkó. Ilé tó wó ní Ita Faaji ní 13 Oṣù Kẹta 2019, tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé wọ́n ti fi àmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard ní Ikoyi ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé ní 2020 pé òun yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Nínú méjèèjì, ẹnì kan ti rí ewu, ó sì ti sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ lọ bá kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ti àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Woolwich ní London. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ra fúláàtì níbẹ̀ láìjẹ́ pé sàfíyọ̀ tó wà lábẹ́ àjọ RICS ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan náà ló ń fi owó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ra ilé ní Benin lórí fídíò WhatsApp oníṣẹ́jú méjì tí alágbàtà yà. Òfin ò ní bá wọn sunkún púpọ̀: lábẹ́ òfin tá a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń rajà ni kó la ojú ara rẹ̀.

Ta ni kẹ́ ẹ wá pè? Ẹnjiníà ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, tàbí kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ bá àjọ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má gba èyí tí alágbàtà tàbí ẹni tó ń ta ilé bá mú wá, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó. Tó bá dé, kì í ṣe ojú lásán ni yóò fi wò ó. Yóò fi òòlù tí wọ́n ń pè ní Schmidt gbá òpó àti dẹ́kìn láti mọ bí kọnkéré ṣe le tó. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ kọnkéré, torí ọ̀pá tí wọ́n ń tà ní mílímítà 12 lọ́jà wa, 10 ni òmíì máa ń jẹ́ tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Yóò gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, yóò gun òkè àjà wo igi òrùlé, yóò sì wọn bí ṣaláńgá ṣe jìnnà sí kànga ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ó tó mítà 30, pàápàá ní ìlú tí omi ẹ̀rọ ìjọba ò ti dé ilé púpọ̀. Ohun tó bá rí, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún alágbàtà láìjanpata! Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àbọ̀ ẹnjiníà bá burú, owó àsanṣáájú yóò padà láìsí àríyànjiyàn. Bí ẹni tó ń ta ilé bá kọ̀ pé ẹnjiníà ò gbọdọ̀ wọlé, ó ti fún yín ní àbọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, tẹ́ ẹ sì ti ń gbé inú rẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti kó ayálégbé sí i, ẹ pe ẹnjiníà lọ́sẹ̀ yìí kí òjò tó tún le. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìkángun ibi tí ògiri ti là, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ibi tó là náà bá gùn kọjá ìlà yẹn, ilé náà ṣì ń rìn. Bí òpó bá bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí dẹ́kìn ń rọ̀, tí ẹ̀ ń gbọ́ tí nǹkan ń ya lóru, ẹ má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbàlagbà jáde, ẹ kìlọ̀ fún ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pe 112, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wọlé lọ gbé tẹlifíṣọ̀n.