Ata Díndín Nínú Bàálù: Kí Ló Ń Pa Yín Lẹ́rìn-ín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ju fídíò kan sórí WhatsApp kíláàsì wa. Màmá àgbàlagbà kan ni, nínú bàálù tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé ìrẹsì fún wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yọ ike kékeré kan nínú báàgì, wọ́n sì bu ata díndín lé e. "Ará oko wọ bàálù!" Bí gbogbo wa ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. (Ta ló tilẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá kó tó yà wọ́n?)

Ìgbà tí mo kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà ni ojú tì mí. Afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bí ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, ó sì gbẹ ju ti ọ̀pọ̀ aṣálẹ̀ lọ. Imú á gbẹ, bẹ́ẹ̀ imú ló ń bá ahọ́n mọ adùn oúnjẹ. Ariwo ẹ́ńjìnnì tún ń dá kún un. Èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ adùn iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Màmá kò ka ìwé kankan lórí èyí, ahọ́n wọn ló sọ fún wọn.

Àwọn tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú ńkọ́? Níbẹ̀, omi ara máa ń gòkè wá sí orí, imú á dí bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Ata ni! Wọn kì í sì í wọ́n ọn ní gbígbẹ, torí yóò fò káàkiri, yóò wọ ojú, yóò wọ ẹ̀rọ. Inú òróró ni wọ́n ń pò ó sí. Ata inú òróró! Ẹ dákun, kí ló wà nínú ike màmá? Nígbà tí Yi So-yeon, ọmọ Kòríà àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú, ń lọ ní 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú rẹ̀ ti fi ọdún mélòó kan tọ́jú kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta wọn, kó lè bá a lọ. Ní 2021, wọ́n gbin ata nínú ibùdó tó ń yí ayé po lókè, wọ́n ká a, wọ́n sì fi jẹun. Ta ló pè wọ́n ní ará oko?

Mi ò ní kí ẹ gbé irú wọ bàálù o. Ẹni tó jókòó tì yín náà ní imú, bó tilẹ̀ dí. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, ata olóróró tó bá ju 100 mílílítà lọ nínú báàgì ọwọ́, wọn á gbà á ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé èrò láti Èkó ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kékeré. Kí ló dé tí ọ̀rá ata kékeré kan ò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ tí wọ́n ń kó fún wa?

Mo ti kọ gbogbo èyí sábẹ́ fídíò yẹn. Wọ́n ní mo ti di lọ́yà aláta. Mo gbà.