Ẹni Tí Ìfun Rẹ̀ Kò Rìn Déédéé Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ sọ láwùjọ. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn yóò ṣí ìwé sí ojú kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà wà láàrin wa, ojú ló ń tì í.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé ẹjọ́ kan wá bá wa. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, fọ́máànù kọ ìwé ìkìlọ̀ fún obìnrin kan nítorí pé ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìwé náà ní ó ń sá fún iṣẹ́. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí inú ti ń yọ òun lẹ́nu: bí ó bá yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, inú náà yóò tún dí pa fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ti lo oògùn taifọ́ọ̀dù, ó ti lo ti jẹ̀díjẹ̀dí, ó ti lo ti ọ́sà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ó ń jẹun lójú oorun ni. Ẹgbẹ́ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, wọ́n fa ìwé ìkìlọ̀ náà ya. Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò bá ìwé ya.

Oúnjẹ tí a bá gbé mì kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ibi tí yóò gbà jáde, ìfun ni ó ń fún un tí ó ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ fún omi jáde nínú rọ́bà. Ọ̀nà náà jìn: ìfun kékeré nìkan gùn tó mítà 6, ìfun ńlá sì tó mítà kan àbọ̀. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà nínú ògiri ìfun ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí yóò fún àti ìgbà tí yóò dẹ̀. Bí àṣẹ náà bá dàrú, oúnjẹ lè sáré jù, ó lè dúró sójú kan, ó sì lè padà sókè. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ gosúlóò. Títì lè dán, kí kòtò kankan má sí níbẹ̀, síbẹ̀ kí ọkọ̀ má rìn. Bí dókítà bá ya fọ́tò títì náà, títì ni yóò rí. Gosúlóò kì í hàn nínú fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí nǹkan, nígbà tí ẹni tó ń ṣe mọ̀ dájú pé nǹkan wà.

Oríṣiríṣi ni. Ti ọ̀nà ọ̀fun wà, tí òkèlè yóò há sí àyà, tí omi pàápàá kò ní fẹ́ lọ. Ti àpòlúkù wà, tí oúnjẹ àná yóò ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára wà nínú ohun tó ń fà á. Èyí tó jọ ti obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní IBS, ó sì wọ́pọ̀ káàkiri ayé. Èyí tó ń ba ni lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ọmọ tuntun. Ní 1886, dókítà ọmọ Denmark kan, Harald Hirschsprung, ṣàlàyé àìsàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè: wọ́n bí ọmọ láìsí àwọn iṣan tó ń pàṣẹ ní ìparí ìfun ńlá rẹ̀. Ìgbẹ́ kò rí ọ̀nà kọjá, ikùn ọmọ a máa wú, ọmọ a máa bì. Nínú ọmọ 5,000, ó ń ṣe bí ọ̀kan. Iṣẹ́ abẹ wà fún un. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dé ọwọ́ dókítà lákòókò, nítorí pé àgbo ni a kọ́kọ́ ń rọ fún wọn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ìkókó, ẹ gbọ́ èyí: ọmọ tó gbó kó tó wáyé, tí kò ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàrin wákàtí 48, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí iṣẹ́ wa, nítorí iṣẹ́ wa wà nínú ohun tó ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ara ní àkókò tirẹ̀. Bí a bá jí tí a jẹun àárọ̀, ìfun ńlá a máa gbéra. Àkókò yẹn gan-an ni awakọ̀ wà ní gáréèjì tó ń retí kí ọkọ̀ kún. Àkókò yẹn ni òṣìṣẹ́ ṣíìfù àárọ̀ ń sáré kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ ọn. Ó dì í mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dì í mọ́ra. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ nínú ìfun ńlá tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ń fa omi inú rẹ̀ tó, títí yóò fi le bí òkúta. Ìpè tí a kò dá lóhùn lójoojúmọ́ a máa dákẹ́. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mu omi kí wọ́n má baà tọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń fi tramadol gbé ẹrù kò mọ̀ pé òun náà wà lára ohun tó ń dí ìfun pa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò wá lọ bá ìyá alágbo. A kò bá àwọn alágbo jà. Àwọn baba wa mọ ewé. Ewé asùnwọ̀n ń mú ènìyàn yàgbẹ́ lóòótọ́, ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní senna sì wà nínú oògùn tí kẹ́mísì ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀dí lójoojúmọ́ ń dá omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ nù, bí wọ́n bá sì fi ọtí ròó ṣe é, tí ó wá di páráagà, ẹ̀mí àwọn èrò inú ọkọ̀ ti wà nínú ewu.

Lórí oúnjẹ, dókítà ọmọ Ireland kan wà, Denis Burkitt, tó ṣiṣẹ́ ní Uganda láti 1946 di 1966. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde pé láàrin àwọn ará abúlé Uganda, oúnjẹ ń lo nǹkan bí wákàtí 36 kí ó tó jáde. Láàrin àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì àti ìyàwó wọn, ó lé ní wákàtí 80. Oúnjẹ tó ní èèpo àti fọ́nrán ni ó ka sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn tí a kò tu ìhá rẹ̀ nù, kò sí èyí tí a kò ní ní Ìbẹfun. Ẹ̀bà ńlá àti ọbẹ̀ tí ẹ̀fọ́ kò sí nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà búrẹ́dì àti mínírà, ni a fi ń ṣe oúnjẹ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ẹni tí àpòlúkù rẹ̀ kò rìn, fọ́nrán púpọ̀ lè pa á lára, ẹni tó ní IBS, ẹ̀wà lè wú u nínú. Ohun tó wo Lámorín sàn lè dá Làkásègbè dùbúlẹ̀. Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn ẹnu géètì kò tó.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíràn. Ní 1991, Nancy Norton dá ẹgbẹ́ IFFGD sílẹ̀ ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, láti máa kọ́ àwọn tí irú àìsàn yìí ń ṣe. Ní ìlú Gothenburg ní Sweden, wọ́n ní kíláàsì fún àwọn tó ní IBS: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí méjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùmọ̀ nípa oúnjẹ wà lára àwọn tó ń kọ́ni. Wọ́n fi àwọn tó wá sí kíláàsì wé àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìwé kà. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2010 fi hàn pé àwọn tó jókòó ní kíláàsì jàǹfààní ju àwọn tó gba ìwé lọ. Èyí kò ya àwa tí a kàwé lálẹ́ lẹ́nu. Ìwé kì í dáhùn bí o bá bi í ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jókòó tì ọ́ kí ó sọ pé èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbá wa nìyí fún ìpàdé gbogbogbòò. Kí ẹ̀ka yìí kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, kí wọ́n yá wa ní nọ́ọ̀sì àti dókítà fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà, ní èdè Yorùbá, kí a sì gba ìyàwó àti ọkọ láàyè láti wá. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ìlera ìfun lágbàáyé, ọjọ́ kan náà tí gómìnà tuntun máa ń búra. Ọjọ́ náà dára láti bẹ̀rẹ̀.

Kí kíláàsì náà kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ wa pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti pé ẹni tó bá ní ìwé dókítà ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ fún ọjọ́ àìsàn tó tó 12 lọ́dún. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 ní kí ilé iṣẹ́ pèsè omi mímu tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó, kí ti ọkùnrin àti ti obìnrin sì yàtọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní àpò ọ̀gá kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin 1987 yìí kò dé gáréèjì, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ wa níbẹ̀ ni a ó dojú kọ.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó ń rù láìmọ̀dí, tí òkèlè ń há mọ́ lọ́fun, tàbí ẹni tó ti ń sún mọ́ 50 ọdún tí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàdédé yí padà, kó má dúró dè wá. Dókítà ni kó lọ rí, nítorí ìyẹn lè jẹ́ ohun mìíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀ àti sí Ìkòròdú, iṣẹ́ kan wà fún yín. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tó pé. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí lóṣù tó ń bọ̀, àti ibi tí kò ti sí rárá.