Ìwé Ọjọ́ Kìíní Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjọba

Méjì nínú àwọn ọmọ wa ní Asese ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ kú oríire o.

Ẹ má kánjú kọ ìwé ọjọ́ kìíní. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n yọ náírà 8 nínú 100 owó oṣù yín, kí ìjọba fi 10 kún un. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yan ilé-iṣẹ́ tí yóò tọ́jú ẹ̀.

Orúkọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn yín ńkọ́? Àbúrò mi kọ orúkọ bàbá wa. Bàbá lọ, kò pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tóun náà kú, ọdún mẹ́ta ni opó ẹ̀ fi ń lọ, tó ń bọ̀ ní kóòtù.

Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ, ẹ tún ìwé yẹn ṣe.

Ifá á jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín jẹ ẹ́. Àṣẹ.