Omi Tó Tọ́ fún Àlùwàlá, Ṣé Ó Tọ́ fún Mímu?



Gbogbo wa la mọ òfin omi àlùwàlá: bí àwọ̀, òórùn àti adùn rẹ̀ kò bá yí padà, omi náà mọ́. Òfin yìí péye fún ìjọsìn. Ṣùgbọ́n àwa apoògùn mọ ohun kan tí kì í yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, tó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òjé ni. Ní ọdún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé pa ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú ilé. Ní Ipakodo tiwa, kànga àti bohóòlù la gbójú lé. Àwọn tó ń tú bátìrì ọkọ̀ wà láàárín wa, òjé sì wà nínú bátìrì.

Bí a bá se omi, kòkòrò á kú. Bí a bá fi álọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun tó ń kú. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i.

Ìmọ̀ tuntun kan wà lórí èyí. Bí a bá lọ mẹ́ńtọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ káfúrà gidi, méjèèjì á yọ́ di olómi láìrí iná. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe irú àdàlù bẹ́ẹ̀ tí kì í bá omi pò, bí epo. Ní 2016, àwọn ará Netherlands po lidocaine, oògùn tó ń mú ara kú tipiri, mọ́ ásíìdì kan tó wà nínú àdín, wọ́n sì fi fa èròjà irin bíi cobalt kúrò nínú omi.

Inú ilé ìwádìí ni iṣẹ́ yìí ṣì wà, nítorí díẹ̀ lára àdàlù náà ń ṣẹ́ kù sínú omi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da mẹ́ńtọ́ọ̀lù tàbí káfúrà sí táńkì. Káfúrà lè fa gìrì fún ọmọdé tó bá gbé e mì.

Èrò tiwa ni pé mọ́sálásí tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí sàdákà járíyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ omi náà wò fún òjé, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè máa fi ṣe àlùwàlá, torí òjé inú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gba awọ ara wọlé. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sára ẹ̀rọ pé kì í ṣe fún mímu, kí a sì wá omi mìíràn fún àwọn ọmọ.

Àwọn kan á ní owó àyẹ̀wò pọ̀. Àwa tí a ń dáwó ra kápẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká dáwó fún èyí náà. Sàdákà tó ń pa ọmọ aládùúgbò lára kò lè jẹ́ èrè fún wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, àmín.